“Mum”: Ìdákẹ́ Ẹni Tí Ó Ní Ọ̀rọ̀ Nínú

Ẹnì kan tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ ògbufọ̀ gbé ìròyìn kan tí ó túmọ̀ wá bá mi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìròyìn náà, àwọn oníròyìn béèrè ọ̀rọ̀ owó kan tí ó pòórá lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, àwọn aláṣẹ sì “kept mum”. Ó kọ ọ́ pé wọ́n “dákẹ́ rọ́rọ́”. N kò lè sọ pé ó ṣì í, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ lè dákẹ́ rọ́rọ́, oko sì lè pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n ilé àti oko kò lè “keep mum”. Ẹni tí ó ní ohun tí ó lè sọ, tí ó sì pa á mọ́ sínú, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ orírun rẹ̀, ẹ pa ètè yín méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè kan láìlanu. “M̀m̀m̀” ni yóò gba imú jáde. Ìró yẹn gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di ọ̀rọ̀, ó sì ti wà nínú èdè wọn láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Akéwì William Langland lò ó nínú ewì rẹ̀, Piers Plowman, níbi tí ó ti ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí nítorí ìfẹ́ owó: ó ní ó rọrùn kí èèyàn wọn kùrukùru orí àwọn òkè Malvern ju kí ó gbọ́ “mom” lẹ́nu wọn lọ, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ rí owó. Ẹ kíyè sí i pé, lọ́wọ́ Langland, ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìdákẹ́. Ìró tí ó kéré jù lọ tí ẹnu lè mú jáde ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé ẹnì kan kò tilẹ̀ ṣe hùn. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Shakespeare ti ní kí ẹnì kan nínú eré Henry VI, Apá Kejì, sọ fún ara rẹ̀ pé kí ó di ètè rẹ̀, kí ó má sì sọ ju “mum” lọ. Ìró ètè tí a pa dé ti di orúkọ ìdákẹ́.

“Mumble”, tí í ṣe kí èèyàn máa kùn láìla ẹnu dáadáa, bá a tan. “Mum” tí àwọn ọmọ ń pe ìyá kò bá a tan. Ìró ẹnu ìkókó ni ti ìyẹn. Síbẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa méjèèjì pọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lórí pátákó tí ó sọ pé “Be like Dad, keep Mum”. Ó ń sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n má tú àṣírí ogun, ó sì tún ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé bàbá ní ń bọ́ ìyá. Inú bí obìnrin aṣòfin kan, Edith Summerskill, sí i, ó sì fi ẹ̀hónú hàn. Mo rò pé ó jàre, torí pé àwọn obìnrin náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun nígbà yẹn.

Fún ògbufọ̀, ibi tí wàhálà wà ni pé “panumọ́” le lẹ́nu wa. A kò lè sọ ọ́ fún àgbà. Bí ọ̀rẹ́ bá sọ fún ọ̀rẹ́ pé “mum's the word”, “má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́” ni èmi yóò kọ. Ní ti ìròyìn owó náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn aláṣẹ “mọ̀ ọ́n, wọ́n fi pamọ́”. N kò gbà fún un, nítorí pé ìyẹn ti di ẹ̀sùn, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. “Wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n kọ̀, wọn kò fọhùn” ni a jọ fẹnu kò sí.