Ibòji Igi àti Ibòji Páànù: Kí Ló Dé Tí Ọ̀kan Fi Tutù Ju Èkejì Lọ?

Bí mo bá jókòó sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, lẹ́ẹ̀rùn, ńṣe ni mò ń làágùn. Bí mo bá sún sábẹ́ igi, ara á tù mí. Ṣebí ibòji ni méjèèjì?

Ibòji ni méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lókè orí yín. Páànù tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀ lè gbóná kọjá 60 dígírì Celsius lọ́sàn-án, pàápàá èyí tó ti dípẹtà, tí kò dán mọ́. Ó dí oòrùn lójú, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń da ooru sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ewé ò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò ń fa omi látinú ilẹ̀, ewé ń tú u jáde láti ihò wínníwínní ara rẹ̀, omi náà sì ń gbé ooru lọ. Ewé tó ń rí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Ṣé omi tí ewé ń tú jáde tiẹ̀ tó nǹkan?

Ẹ fojú ara yín wò ó. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fi láílọ́nù tó mọ́ gaara bo ẹ̀ka kékeré tó ní ewé bíi mẹ́wàá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Kó tó di aago méjìlá, inú láílọ́nù á ti ṣú, omi á sì ti máa kán jọ sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti tú u, kí ewé má baà sè sínú rẹ̀.

Igi ńlá tó rí omi mu dáadáa lè tú tó lítà 100 jáde lójúmọ́. Kí lítà kan ṣoṣo tó gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ooru tó máa gbà tó èyí tó lè mú lítà omi méje láti tútù dé híhó. Ara ewé àti afẹ́fẹ́ àyíká ló ti ń fa ooru náà. Bí òǹgbẹ bá wá ń gbẹ igi, á pa ihò ara ewé rẹ̀ dé. Ibòji nìkan ló kù nìyẹn.

Oòrùn ti wọ̀, ooru ò lọ. Kí ló fà á?

Àpáta, kọnkéré àti títì ọlọ́dà ni. Páànù tín-ínrín, kíá ló ń gbóná, kíá ló ń tutù. Àpáta ń gba ooru pamọ́ ní gbogbo ọ̀sán, ó wá ń dá a padà díẹ̀díẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra lẹ́bàá Olúmọ, ògiri kan ń dá ooru lé ògiri kejì lórí ni. Luke Howard, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ọjọ́, ti ṣàkíyèsí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, pé òru ìlú máa ń gbóná ju ti ìgbèríko lọ. Igi ò lè fa ooru tó ti wọnú àpáta jáde; àfi kó má jẹ́ kí oòrùn débẹ̀ lọ́sàn-án.

Koríko ńkọ́?

Ó sàn ju kọnkéré lọ nígbà òjò. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ó gbẹ, kò sì ní omi tó máa tú jáde mọ́.

Igi wo ni ká gbìn ságbàlá, níbo?

Máńgòrò, àgbálùmọ̀ tàbí dóńgóyárò dára. Ọdán ni ibòji rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ojúde ọjà àti ààfin ló yẹ ẹ́: gbòǹgbò rẹ̀ á fọ́ sókàwéè, á sì la ògiri. Àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì bí ọ̀pá, ẹwà lásán ni wọ́n.

Ìwọ̀ oòrùn ilé ni kí ẹ gbìn ín sí. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lókè orí, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án, igi ẹ̀gbẹ́ ilé ò sì lè dí i. Ti aago mẹ́ta sí márùn-ún tó ń gún ògiri ní tààrà ni igi lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ sílẹ̀ láàárín igi àti ilé, kí ẹ sì jìnnà sí wáyà iná.

Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ni kí ẹ gbìn. Ẹ kọ́kọ́ fi irin gún ilẹ̀ wò: bí ẹ bá kan àpáta kó tó di 60 sẹ̀ńtímítà, ẹ sún síbòmíràn. Kí ihò má jìn ju láílọ́nù tí wọ́n fi tọ́ igi náà lọ, ṣùgbọ́n kó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹ ya láílọ́nù náà kúrò pátápátá. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà máa ń jó gbòǹgbò, ẹ má fi sí i. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má kan ìdí igi. Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ́sẹ̀, tí ẹ pín sí ẹ̀ẹ̀mejì, á gbé e ró. Ẹ sì ṣọ́ra fún ewúrẹ́ o.

Igi ọ̀hún ti dàgbà, síbẹ̀ ó ń wọ́wé, àgbàlá ṣì gbóná. Kí ló ṣe é?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé íńtálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré dé ìdí rẹ̀. Òjò ń ṣàn lọ sí gọ́tà, gbòǹgbò ò rí mu. Ẹ hú u kúrò, ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì jẹ́ kí omi òrùlé máa ṣàn wá síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni kí wọ́n máa gé igi lórí kodoro lọ́dọọdún. Ewé ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó gé e tán ti dá iṣẹ́ dúró.

Bí ìjọba bá ṣe ọgbà ńlá kan, kò ha tó gbogbo ìlú?

Kò lè tó. Ìtura ọgbà kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan. Igi yunifásítì tó wà ní Àlàbàtà ò lè tu ará Láfẹnwá lára. Ìlú Medellín ní Kòlóńbíà gbin igi sẹ́bàá títì àti odò káàkiri, ọ̀nà 30. Irú rẹ̀ ló yẹ wá, létí odò Ògùn àti ní ojú títì.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà òjò náà?

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dín kù, torí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, omi ò gbẹ kúrò lára ewé bọ̀rọ̀. Atẹ́gùn ló ṣe pàtàkì nígbà náà. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó wálẹ̀ ju mítà méjì ààbọ̀ lọ, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ igi wọlé.