Kì í ṣe fàdákà inú wáyà ló ń jẹ́ kí ohùn áńpù onífáàfù mọ́

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, níbi tí àwọn onígìtá àti àwọn atúnrédíòṣe bá ti ń sọ̀rọ̀ áńpù onífáàfù (ẹ̀rọ tó ń fi fáàfù, ìgò kékeré tó ń gbóná, sọ ohùn di ńlá), kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní wáyà fàdákà nìkan ni kí a lò sínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn ò ní mọ́. Ẹlòmíràn á ní ọfà wà lára wáyà tirẹ̀, ibi tí ọfà bá kọjú sí ni iná gbọ́dọ̀ gbà. Ti ọfà kò le: iná tó gbé ohùn ń lọ, ó ń bọ̀ ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti fàdákà ló ń bí mi nínú, torí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ kò lè jiyàn, owó tó yẹ kó fi ra tiransifọ́mà gidi ló máa kó lé wáyà.

Òótọ́ ni pé fàdákà ń gbé iná ju bàbà lọ, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún jù ú. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń dúró sí. Wọn kì í bi wá pé kí ni wáyà náà so mọ́. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa.

Wáyà bàbà AWG 22 (AWG ni òṣùwọ̀n ìnípọn wáyà) nípọn tó mìlímítà 0.64. Mítà kan rẹ̀ ń dènà iná pẹ̀lú ohm 0.053. Èyí tí a ń gé sínú áńpù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìyẹn nǹkan bí ohm 0.01. Ní ti fáàfù 12AX7 tó kún inú áńpù gìtá, résísítọ̀ (ohun tó ń dènà iná) tó wà lórí pléètì rẹ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde, sábà máa ń jẹ́ ohm 100,000. Ẹ fi 0.01 kún 100,000, kí ẹ wá tìtorí fàdákà yọ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára 0.01 yẹn. Ohun tí ẹ yọ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohm kan. Bẹ́ẹ̀, résísítọ̀ tó ní ilà aláwọ̀ wúrà, tí a kà sí 100,000, lè jẹ́ 95,000, ó sì lè jẹ́ 105,000, kò sì sẹ́ni tó ń fi tìyẹn pariwo. Etí wo ló wá gbọ́ ti fàdákà?

Àwọn kan á ní, “Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ ìyàtọ̀.” Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ẹni tó pààrọ̀ wáyà ti jó lẹ́ẹ̀dì (èyí tí a ń yọ́ láti fi lẹ wáyà) tuntun sí gbogbo ojú ibẹ̀, ó ti mú èyí tí kò dì dáadáa dì, ó sì ti sún wáyà kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Mo gbà pé áńpù náà yí padà. Pé fàdákà ló yí i padà ni mi ò gbà.

Rọ́bà ara wáyà ló yẹ ká máa jiyàn lé lórí. Fóòtì (volt) 300 sí 450 ló ń rìn nínú irú áńpù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń rí àwọn tó ń fi wáyà tẹlifóònù ṣe é. Èyí tí wọ́n tẹ 600 fóòtì sí lára ni kí ẹ rà. PVC dára, àmọ́ ó tètè ń yọ́ bí irin ìjólẹ́ẹ̀dì bá pẹ́ lórí rẹ̀. Teflon ò ka ooru bẹ́ẹ̀ sí, bíbó rẹ̀ ló ń fún èèyàn níṣẹ́.

Níbi iná tó ń mú inú fáàfù gbóná, ìnípọn wáyà ní ìtumọ̀. Fáàfù EL34 kan ń fa áńpíà 1.5 ní fóòtì 6.3, méjì á fa mẹ́ta. Ẹ lo AWG 18, tó nípọn ju 22 lọ, ẹ lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀rọ̀ àpótí, kó jìnnà sí gíríìdì, ibi tí ohùn ń gbà wọ inú fáàfù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, áńpù á máa kùn, fàdákà ò sì ní gbà yín.

Mi ò ní sọ pé irú wáyà kò já mọ́ nǹkan kan rárá. Wáyà tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ hun yíká lè dín ohùn tínrín kù bó bá gùn púpọ̀ níwájú gíríìdì. Ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ tí àwọn kan ń gbọ́ ti ibẹ̀ wá.

Èyí tó tún yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún lọ́jà ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bàbà tí wọ́n fi táńganran bò funfun lóde, ó pọ́n nínú, ìyẹn dára. Èyí tó pọ́n lóde tó funfun nínú, ẹ dá a padà: ó tètè ń kán, lẹ́ẹ̀dì kì í sì í mú un dáadáa.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpótí náà láti pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì fi mítà tí a fi ń wọn iná wọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́. Ó lè ṣì di ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì mú lẹ́yìn tí ẹ ti pa áńpù, ìyẹn sì tó láti pa èèyàn.