Richard Carrington àti Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìmọ̀ nípa Ìjì Oòrùn

Láti ayé Galileo ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé àmì dúdú máa ń yọ sí ojú oòrùn, tí wọn a máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì kí wọ́n tó pòórá. Ní ọdún 1843, Heinrich Schwabe, ará Jámánì, kéde pé àwọn àmì náà máa ń pọ̀, wọ́n sì tún máa ń dín kù, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlú Ọba kan lọ́kàn, orúkọ rẹ̀ ni Richard Christopher Carrington, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì di ìpìlẹ̀ ohun tí a ń ṣe lónìí láti máa ṣọ́ oòrùn lójoojúmọ́, kí ìjì rẹ̀ má baà bá ayé lójijì.

Chelsea, ní London, ni a ti bí i ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1826. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ilé iṣẹ́ ìpọntí kan ní Brentford, ẹbí sì ti pinnu pé iṣẹ́ ìjọ ni ọmọ náà yóò ṣe. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Challis ní Yunifásítì Cambridge ni ó yí ọkàn rẹ̀ sí ìràwọ̀. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Yunifásítì Durham láti ọdún 1849, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ ibẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà ó fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1852, ó sì kọ́ ilé gbígbé àti ilé ìwòràwọ̀ tirẹ̀ sí Redhill, ní agbègbè Surrey. Ìràwọ̀ tó súnmọ́ ìkángun àríwá ojú ọ̀run ni ó ń wọ̀n lóru. Ó kọ ipò 3,735 nínú wọn sínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1857, ìwé náà ni Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ ti Ìlú Ọba sì torí rẹ̀ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 1859. Ọ̀sán ṣófo sílẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀sán náà fún oòrùn.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é yẹ kí a wò dáadáa, nítorí pé kò ná an ní irinṣẹ́ olówó gọbọi. Kì í fi ojú rẹ̀ wo oòrùn. Ó máa ń jẹ́ kí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ju àwòrán oòrùn sórí pátákó kan tí a kùn, kí ó lè rí i gbàǹgbà ní ìwọ̀n bí íńṣì mọ́kànlá. Ó ti fi wáyà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dábùú ara wọn nínú awò náà. Bí ayé ti ń yí, tí awò dúró sójú kan, àwòrán oòrùn a máa rìn kọjá lórí àwọn wáyà náà, Carrington a sì máa kọ àkókò tí etí oòrùn àti àmì dúdú kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n. Aago àti ìṣirò ni ó fi ń mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà gan-an. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1853 títí di ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1861 ni iṣẹ́ yìí fi ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú bàbá rẹ̀ ní ọdún 1858 ti gbé ẹrù ilé iṣẹ́ ìpọntí ka orí rẹ̀.

Ohun tó rí kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni retí. Àmì tó wà nítòsí agbedeméjì oòrùn ń yí po láàárín ọjọ́ tí kò pé 25, èyí tó jìnnà sí agbedeméjì sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá jẹ́ ohun líle bí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ì bá jọ yí pọ̀ ni. Nítorí pé ìyàtọ̀ wà, ó ní láti mú ìwọ̀n kan tí yóò dúró fún gbogbo rẹ̀: bí a bá ń wò ó láti ayé, ọjọ́ 27 àti díẹ̀ ni ìyípo kan. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1853 ni a ti ń ka àwọn ìyípo yìí bọ̀, orúkọ Carrington ni a fi ń pè wọ́n, òǹkà wọn sì ti kọjá 2,300.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1859, ó ń ya àwòrán ọ̀wọ́ àmì dúdú ńlá kan. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 18, ìmọ́lẹ̀ funfun méjì kọ yànràn láàárín àwọn àmì náà. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtànṣán oòrùn ló gba ihò kan wọlé níbi tó ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ó sún àwòrán náà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì bá a lọ, ó wá mọ̀ pé ojú oòrùn gan-an ni ó wà. Ó wo aago, ó sáré jáde lọ pe ẹni tí yóò bá a jẹ́rìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi padà, ìmọ́lẹ̀ náà sì ti di bàìbàì. Nígbà tí aago mọ́kànlá yóò fi kọjá ìṣẹ́jú 23, ó ti parẹ́, lẹ́yìn tó ti rìn tó 35,000 máìlì lójú oòrùn. Ó dùn mọ́ mi pé kò pàdánù ẹ̀rí náà: Richard Hodgson, tó ń wo oòrùn ní Highgate, rí ohun kan náà ní àkókò kan náà.

Ní ilé ìwòràwọ̀ tó wà ní Kew, abẹ́rẹ́ òòfà ti fò díẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ní nǹkan bí wákàtí 17 lẹ́yìn èyí, ìjì òòfà, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ agbára òòfà ayé, bo gbogbo ayé. Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tí a mọ̀ mọ àríwá nìkan hàn lójú ọ̀run títí dé Kúbà àti Hawaii. Iṣẹ́ wáyà tí a fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn (tẹ́lígíráàfù) dàrú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tẹ wáyà láàárín Boston àti Portland sì yọ bátìrì wọn kúrò, wọ́n ń fi iná tí ìjì náà gbé sínú wáyà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Carrington gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kew, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ìkóra-ẹni-níjàánu yìí ni mo kà sí ọlá tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ì bá ti pariwo.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ kò dẹrùn. Ó béèrè fún ipò ní ilé ìwòràwọ̀ Cambridge, wọn kò fún un. Àìsàn dá a dúró, ó ta ilé iṣẹ́ ìpọntí, ó sì kó lọ sí Churt, abúlé kan ní Surrey. Rosa, aya rẹ̀, kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1875, òun náà sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ní ẹni ọdún 49.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1892, Kelvin, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ayé ìgbà náà, kò gbà pé oòrùn lè fa ìjì òòfà sí ayé. Maunder, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich, ni ó fi hàn ní ọdún 1904 pé àwọn ìjì náà máa ń padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ 27, èyí tó bá ìwọ̀n ìyípo tí Carrington ti ṣírò mu. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná mànàmáná Quebec, ní Kánádà, fún wákàtí mẹ́sàn-án, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn sì wà nínú òkùnkùn. Láti ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ iná, àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì àti àwọn ọkọ̀ òfurufú ti ń tẹ́tí sí ìkìlọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ oòrùn, nítorí pé láàárín ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lójú oòrùn àti ìgbà tí ìjì ńlá rẹ̀ bá dé ayé, wọ́n sábà máa ń rí ọ̀pọ̀ wákàtí fi dáàbò bo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.