Àkúnwọ́sílẹ̀ òǹkà: ìdí tí "pa á, kí o tún un tàn" fi ń ṣiṣẹ́

Mítà máìlì mọ́tò àtijọ́ ní àyè fún nọ́ńbà márùn-ún péré. Bó bá pé 99999, máìlì kan sí i, 00000 ló máa yí sí. Mọ́tò kò di tuntun o, àyè ló tán. Ohun tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ń pè ní integer overflow nìyẹn.

Òǹkà tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ ni ti bíìtì 32 (àyè 32, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1), tí kò lè kọjá 4,294,967,295. Ó pọ̀ lójú, àbí? Bó bá jẹ́ ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kà láti ìgbà tí ẹ ti tan ẹ̀rọ, ọjọ́ 49 àti wákàtí 17 ló máa fi kún, á sì padà sí òdo. Windows 95 àti 98 ní àrùn yìí: bó bá pé iye ọjọ́ yẹn láìsinmi, á dúró digbí. Àwọn tó rí i kò pọ̀, torí ta ló rí Windows ìgbà náà tó lo oṣù kan láìjẹ́ pé wọ́n tún un tàn?

Òdo gan-an kọ́ ni wàhálà. Ká ní ètò kan fẹ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí òǹkà bá tó 4,294,967,290. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wo aago, òǹkà sì ti yí, ó ti wà ní 4. Ètò á wá jókòó, á máa retí nọ́ńbà tó di ọjọ́ 49 mìíràn kó tó dé. Lójú ẹni tó ń lò ó, ẹ̀rọ ti kú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: kí ètò yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye ìsinsìnyí, kó fi mọ àsìkò tó ti kọjá. Bí òǹkà náà kò bá gba nọ́ńbà òdì, ìṣirò yẹn á tọ̀nà kódà lẹ́yìn tó ti yí. Ẹ̀yin tó ń lo Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń kọ ètò sí, oògùn millis(), òǹkà ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, nìyẹn.

Ní 2015, FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé bí iná bá wà lára Boeing 787 fún ọjọ́ 248 láìpa á, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òǹkà bíìtì 32 bá gba nọ́ńbà òdì, ìdajì àyè rẹ̀, 2,147,483,648, ló kù fún kíka síwájú. Bó bá jẹ́ ìdá-ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kà, ẹ pín iye yẹn sí 100, ẹ kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá: ọjọ́ 248 ló máa jáde. Kí àtúnṣe sọ́fítíwíà tó dé, pípa iná ọkọ̀ náà lóòrèkóòrè ni wọ́n pàṣẹ.

Títún ẹ̀rọ tàn ń dá òǹkà padà sí òdo, ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀rọ fi ń yá. Ìdí kan náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí àṣìṣe náà: ta ló ń fi ọjọ́ 50 dán ráútà wò kó tó tà á?

Ọ̀kan ń bọ̀ tí títún tàn kò ní ràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọdún 1970 sínú bíìtì 32 tó gba nọ́ńbà òdì. Ní 19 January 2038, aago 3:14:07 òru ní UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé), yóò kún, ọjọ́ ara wọn á sì di 13 December 1901. Ẹ̀rọ kámẹ́rà ààbò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fún ní àtúnṣe mọ́ wà lára àwọn tó yẹ kí ẹ fura sí.