Bí kíka DNA ṣe dé inú igbá irú

Àwọn ìyá tó ń ṣe irú ní Kàbbà àti Ìsánlú máa ń se é mọ́jú, wọ́n á bó eèpo rẹ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì bò ó mọ́ inú igbá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi máa fà. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é. Kí ni wọ́n, mélòó sì ni wọ́n? Tẹ́lẹ̀, èyí tó bá hù nínú àwo ilé ìwádìí nìkan ni onímọ̀ ń kà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í hù níbẹ̀ rárá.

Ọdún 1977 ni ọ̀nà là. Frederick Sanger gbé ọ̀nà kíka DNA, ìwé àbùdá inú ohun ẹlẹ́mìí, jáde. Carl Woese àti George Fox fi 16S to àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ìdílé-ìdílé. Gbogbo bakitéríà, ìyẹn irú kòkòrò àìfojúrí kan, ló ní àbùdá 16S yìí. Ó gùn tó lẹ́tà 1,500, apá mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Norman Pace àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ ọ́ tààrà láti inú omi àti ilẹ̀, láìgbin kòkòrò kankan.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ló sọ ọ́ di ìmọ̀. Bí o bá ń ka àwọn tó ń tajà lọ́jà Kàbbà, tí o rí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tí o kò tíì rí ṣì pọ̀. Anne Chao, onímọ̀ ìṣirò, sọ èyí di ìṣirò ní 1984. Ká ní o rí ẹ̀yà 40: 10 lẹ́ẹ̀kan, 5 lẹ́ẹ̀mejì. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Pín in sí ìlọ́po méjì 5, ó jẹ́ 10. Fi í kún 40. Ó kéré tán, ẹ̀yà 50 ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹ̀rọ tó ń ka DNA a máa dá ẹ̀yà èké tó yọjú lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀. DADA2, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kúrò, tó jáde ní 2016, sì sábà máa ń gbá gbogbo ẹlẹ́ẹ̀kan dànù. Má ṣe fi ìṣirò Chao lé èsì rẹ̀ lórí.

Irú tún ní wàhálà tirẹ̀. Bacillus, ìdílé bakitéríà kan, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èèpo tó máa ń bo Bacillus nígbà tó bá ń sinmi (spore) sì le bí òkúta: bí a kò bá fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké gbọ̀n ọ́n fọ́, DNA rẹ̀ kò ní jáde dáadáa. Bí ó bá sì jáde, Bacillus subtilis ní ẹ̀dà 16S mẹ́wàá, nítorí náà yóò dà bíi pé ó pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Fi ìgò òfìfo kan, tí kò ní irú nínú, tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí oògùn tí a fi ń yọ DNA náà ní kòkòrò tirẹ̀.