Ìsúnkì owó lẹ máa pè é, ẹ fi ìwúsókè sílẹ̀

Ó ti sú mi o. Tí mo bá fẹ́ ka nǹkan nípa ọjà ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń ra ìpín nínú ilé iṣẹ́, lédè Yorùbá, ìdajì àkókò mi ni mo fi ń rò ó pé kí lẹni yìí ń sọ gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ibi tí ọ̀gbẹ́ni kan ti kọ "ìfẹ́sókè owó" fún ìnfíléṣọ̀n, ìyẹn bí owó ọjà ṣe ń ga sí i, mo sì ka ìlà mẹ́ta gbáko kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwàásù ló ń ṣe fáwọn tó fẹ́ràn owó jù. Òmíì pè é ní "ìwúsókè". Kí ló wú? Ṣé owó tó wà lápò yín ló wú? Òyìnbó ní ìdí tiẹ̀, torí iye owó tó wà níta ló ní lọ́kàn nígbà tó kọ́kọ́ ń lo ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ èmi tí mo kówó dání lọ ra nǹkan, ohun tí mo rí ni pé owó mi ń kéré sí i, kò sí wíwú kankan níbẹ̀. Ìsúnkì owó lèmi ń pè é.

Àwọn tó ń pè é ní "ọ̀wọ́n gógó" ni mo ṣì lè bá jókòó, torí Yorùbá gidi nìyẹn. Ìjà mi pẹ̀lú wọn ni pé ọ̀wọ́n gógó ń sọ ibi tí owó ọjà dé, kò sọ bó ṣe ń sáré tó. Ní Amẹ́ríkà, June 2022, ìnfíléṣọ̀n dé 9.1%, nígbà tó fi máa di June 2023 ó ti di 3%. Ẹ wá kọ ọ́ pé "ọ̀wọ́n gógó ti lọ sílẹ̀", ẹni tó bá kà á máa rò pé ọjà ti rọ̀ nìyẹn, kò sì rọ̀ o, ó ṣì ń wọ́n sí i ni, eré tó ń sá ló dín kù. Aṣọ tó bá súnkì kì í gùn padà. Ẹ sọ fún èèyàn pé ìsúnkì ti dẹwọ́, kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹ ní aṣọ ti gùn. Ẹnì kan ní ìsúnkì lòun ń lò fún ìgbà tí iṣẹ́ bá dúró tí òwò ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ là ń pe ìyẹn, ìsúnkì OWÓ lèmi sọ.

Ó yá, ẹ wo téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ká ní téèpù yẹn fúnra ẹ̀ ló ń súnkì, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò yí padà o, 1 ṣì ń jẹ́ 1, 60 ṣì ń jẹ́ 60, àmọ́ àárín nọ́ńbà kan sí ìkejì ń fún pọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ wọn ṣòkòtò kan lónìí, ó jẹ́ 40. Ẹ ká a pamọ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ti di 52. Inú yín dùn, ṣòkòtò ti gùn! Ẹ gbé e wọ̀, ibi tó ń dé lójúgun tẹ́lẹ̀ náà ló dé. Ṣíà ni ṣòkòtò, owó ni téèpù.

Àbúrò mi kan gbé fóònù sí mi lójú, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ wò ó, mo ti jèrè 20% láàárín ọdún méjì, ó wá fi àtàǹpàkò bo ìyókù kó jẹ́ nọ́ńbà aláwọ̀ ewé yẹn nìkan ni mo máa rí. Mo bi í pé èló ni ìsúnkì níbi tó ń gbé, ó ní 15% lọ́dún. Ọdún méjì, ohun tí wọ́n ń ra ní 100 ti di 132 nìyẹn, òun sì ní 120 lọ́wọ́, ìyẹn ni pé nínú gbogbo 100 tó kó wọlé, nǹkan bíi 91 ló ṣẹ́kù tá a bá fi téèpù àtijọ́ wọ̀n ọ́n. Ó gba fóònù ẹ̀ padà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tó lọ́gbọ́n jù ú lọ. Dow Jones, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣe ń lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1,000 ní February 1966, nígbà tó di October 1982 ó ṣì wà ní 1,000 àti díẹ̀, lóòótọ́ ó lọ sókè ó lọ sílẹ̀ láàárín ẹ̀, mi ò sì ka dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fáwọn tó ní ṣíà, mọ́ ọn, àmọ́ owó ọjà ní Amẹ́ríkà ti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún yẹn.

Èlé wá ńkọ́? Èlé ni, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ló kó "òṣùwọ̀n ìwúlò" dé fún "interest rate", àwọn èèyàn sì ń dà á kọ láìronú, bí ẹni pé a ò yáwó rí ká tó ní kọ̀ǹpútà. Òun náà ló sọ ọjà ṣíà di "ọjà ìṣúra". Ìṣúra lohun tí wọ́n gbé pa mọ́, ṣíà lohun tí wọ́n ń tà ń rà látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Tí báńkì àgbà orílẹ̀-èdè bá rí i pé owó ń súnkì jù, á gbé èlé sókè kí owó yíyá lè le, káwọn èèyàn dín ìnáwó kù. Ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè á máa san jù bó ṣe ń san lọ, èyí yé gbogbo wa. Ẹni tó sì lè rí 5% láìlàágùn nínú bọ́ǹdì, ìyẹn owó tó yá ìjọba tàbí ilé iṣẹ́, kí ló fẹ́ wá lọ sídìí ṣíà tó lè já lulẹ̀ lọ́la? Èyí tọ́pọ̀ ń fò ni ìlérí ọjọ́ iwájú, torí ṣíà náà, ìlérí èrè tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣèlérí 100 fún yín lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí èlé bá jẹ́ 2%, bíi 82 lẹ máa fi ra ìlérí yẹn lónìí, tí èlé bá di 5%, ẹ ò ní san ju 61 lọ. Ìlérí ò yí padà o, èlé ló yí. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tí èrè ẹ̀ ṣì jìnnà réré fi máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Láàárín March 2022 sí July 2023 báńkì àgbà Amẹ́ríkà gbé èlé láti ìtòsí òdo dé 5.25 sí 5.50%, ìdá kan nínú mẹ́ta Nasdaq, nọ́ńbà ọjà ṣíà Amẹ́ríkà míì tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé pọ̀ nínú ẹ̀, sì ti lọ kí 2022 tó parí, téèpù sì ń súnkì lọ́wọ́.

Èyí tó bá kù nínú èlé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ìsúnkì kúrò, àwọn kan ń pè é ní "èlé gidi", bí ẹni pé ayédèrú ni báńkì fún wa tẹ́lẹ̀. Èlé tó ṣẹ́kù ni. Wọ́n fún yín ní 8%, owó súnkì 12%, kò ṣẹ́kù, ẹ tún jẹ gbèsè bíi 4 lé e, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni ìfẹ́sókè ti fèsì o, ó ní ọ̀rọ̀ tèmi gùn ju tòun lọ. Mo kà á. Sílébù 5 ló wà nínú ìsúnkì owó, tiẹ̀ jẹ́ 6.