Iyọ̀ Kì í Pa Kòkòrò Kọ́lẹ́rà

Bí kọ́lẹ́rà bá ti gbòde ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí á tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ bu iyọ̀ sómi kànga kẹ́ ẹ tó mu ún, iyọ̀ á pa kòkòrò rẹ̀." Láti Ọjà Ọba títí dé Ọ̀fà la ti ń gbọ́ ọ, ó sì ń bí ni nínú, torí inú omi iyọ̀ gan-an ni ilé àwọn kòkòrò náà.

Vibrio lorúkọ ìdílé wọn. Inú òkun àti ẹnu odò tó ń wọ òkun ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Filippo Pacini, ará Ítálì, ló rí Vibrio cholerae lọ́dún 1854. Oríṣi rẹ̀ lé ní 200, ṣùgbọ́n O1 àti O139 ló ń dá àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà sílẹ̀.

Iye iyọ̀ lọ̀pọ̀ kì í rò. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Ṣíbí tíì kan tí wọ́n ń bù sí lítà omi kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Bẹ́ẹ̀, táwọn oníláàbù bá fẹ́ kí kòkòrò yìí pọ̀ kí wọ́n lè rí i nínú ìgbẹ́ aláìsàn, gíráàmù 10 ni wọ́n ń fi sí lítà omi tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Láàárín wákàtí 6 sí 8, ó ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Vibrio parahaemolyticus, tó máa ń wà lára ẹja àti edé òkun, kò tilẹ̀ lè dàgbà láìsí iyọ̀. Ti kọ́lẹ́rà ní tirẹ̀ lè gbé inú omi odò lásán pẹ̀lú, ìdí nìyí tí jíjìnnà wa sí òkun kò fi gbà wá.

Ó jọ pé omi oníyọ̀-àti-ṣúgà ló dá ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀: ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì ṣúgà 6, gbogbo rẹ̀ ní gígé orí dọ́gba, nínú omi mímọ́ lítà 1, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 50cl méjì. Omi àti iyọ̀ tó bá ìgbẹ́ gbuuru jáde lara ló ń dá padà. Ṣúgà ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ náà mu. Omi oníyọ̀-àti-ṣúgà yìí kì í pa kòkòrò. Bí iyọ̀ bá sì pọ̀ jù níbẹ̀, ewu ni, pàápàá fọ́mọdé. Lọ́dún 2014, nígbà Ebola, àwọn kan mu omi iyọ̀ ní Nàìjíríà torí àhesọ pé ó ń dènà àrùn náà, wọ́n sì bá a lọ.

Bóyá iyọ̀ tó pọ̀ débi tí wọ́n fi ń pa ẹja mọ́ lè dí Vibrio lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mu irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ se omi títí á fi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, kẹ́ ẹ dé e. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kẹ́ ẹ sì máa fún un lómi oníyọ̀-àti-ṣúgà lójú ọ̀nà.